Àpáta Tó Ń Di Yanrìn

Ẹni tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta, tó sì dàgbà síbẹ̀, kì í dìídì wo àpáta. Ó ń bá a gbé ni. Àpáta wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ó wà lẹ́bàá ọ̀nà ilé ìwé, ó yọrí láàárín ìsọ̀ ọjà, ilé míì sì wà tó jẹ́ pé àpáta gan-an ni ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí a wà ní kékeré ní Ìtòkò, bí àlejò bá ti Èkó dé, tó dúró tó ń wo òkè, àwa ọmọdé a máa wo àlejò náà. Kí ló ń wò? Ìgbà tí mo dé aṣálẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tí mo jókòó sínú ọkọ̀ tó ń rọra rìn láàárín àpáta pupa láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀, ni ojú mi tó là sí ohun tó wà nílé. Ọ̀rọ̀ àpáta méjèèjì ni mo fẹ́ sọ, tiwọn àti tiwa, nítorí pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí tiwa ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ wọn ló ń gbé ní Las Vegas, ní ìpínlẹ̀ Nevada. Nígbà tí mo lọ kí wọn, Bọ̀dá, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ní àwọn ò ní í mú mi lọ wo iná aláràbarà tí gbogbo ayé ń torí rẹ̀ wá sí ìlú náà. "Ọmọ Ẹ̀gbá ni ẹ́," ni wọ́n wí. "Valley of Fire ló yẹ kó o rí." Àfonífojì Iná ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Ibẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 80 sí ìlú. A gbé omi sínú ọkọ̀ dáadáa, nítorí pé ẹni tó bá wọ aṣálẹ̀ láìmú omi dání ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu, a sì gba òpópónà I-15 lọ sí àríwá ìlà-oòrùn.

Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ lọ gbalaja. Igi kan ò sí, àfi igbó kúkúrú aláwọ̀ eérú tí kò dé orúnkún èèyàn. Níbi tí a ti yà kúrò lójú títì ńlá, ilẹ̀ àwọn Paiute wà níbẹ̀, àwọn onílẹ̀ tó ti ń gbé àdúgbò náà kí òyìnbó tó débẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín àwọn òkè tí kò ní àwọ̀ kan pàtó. Mi ò rí nǹkan kan tó jọ iná. Àfi bí ọ̀nà ṣe yí kọ́nà kan, tó dorí kodò, tí àfonífojì náà là sílẹ̀ níwájú wa. Pupa! Pupa bí osùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, tí omi ò tíì gbẹ lára rẹ̀. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Bọ̀dá náà ò sọ̀rọ̀; wọ́n kàn dẹ ẹsẹ̀ lórí tọ́tù, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jẹ́jẹ́.

Ní àwọn ọdún 1920 ni wọ́n ní aṣojú ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò kan gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí oòrùn ń wọ̀, tó ní ṣe ni gbogbo àfonífojì náà ń jó, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ní 1935 ni òfin sọ ọ́ di ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nevada. Láàárín àwọn ọdún 1930 yẹn, tí iṣẹ́ ò sí ní Amẹ́ríkà, ìjọba kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin jọ, wọ́n gbé iṣẹ́ fún wọn, àwọn kan lára wọn ló ṣiṣẹ́ ọ̀nà níbẹ̀, tí wọ́n sì fi òkúta pupa yẹn kọ́ àwọn yàrá kéékèèké tí àwọn àlejò ń sùn nígbà náà. Àwọn yàrá ọ̀hún ṣì dúró. Mo wọ inú ọ̀kan. Ó tutù wọ̀ọ̀, oòrùn sì ń ta lóde.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe la ọ̀nà náà. Ẹni tó là á ò bá àpáta jà. Ibi tí àpáta bá dúró sí, ọ̀nà a yà fún un. Ibi tí àpáta bá ti fi àyè sílẹ̀, ọ̀nà a gbà á. Nítorí náà, bí ẹ ṣe ń lọ, ńṣe ni àpáta ń yọ sí yín lọ́tùn-ún lósì, ọ̀kan ò jọ èkejì. Òmíràn yọ ọwọ́ ìjà gùn-ún gùn-ún wálẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Òkúta Erin. Òmíràn ní ihò yíká ara, tí ẹyẹ ń wọ̀ tó ń jáde. Bí a ṣe ń gòkè lọ sí ìhà àríwá ni àwọ̀ ń yí padà: pupa fòò di pupa rúsúrúsú, rúsúrúsú di funfun, funfun tún ní ìlà àwọ̀ àlùkò nínú. Gbogbo ibi tó bá yẹ kí èèyàn dúró ni wọ́n ti gé àyè sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí ọkọ̀ lè yà. Ẹni tó ń sáré ò lè rí nǹkan kan níbẹ̀, wọn ò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti sáré.

Níbi kan tí a ti sọ̀ kalẹ̀, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara àpáta náà. Ó gbóná díẹ̀, ó ń ha ọwọ́. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò, yanrìn wà lọ́wọ́ mi, wẹ́wẹ́, pupa, ó ń dán nínú oòrùn. Mo fi ìka pa á, ó tú ká. Ẹ̀gbọ́n mi ké sí mi láti ẹ̀yìn pé, "Àbúrò, má gun ibẹ̀ yẹn o, ó máa ń ya mọ́ni lẹ́sẹ̀." Ọwọ́ mi ni mo ṣì ń wò. Àpáta tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ha Olúmọ di alẹ́, awọ ọwọ́ yín ni yóò bó.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Yanrìn ni àpáta pupa yẹn tẹ́lẹ̀. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 ọdún sẹ́yìn, aṣálẹ̀ ni àdúgbò náà, aṣálẹ̀ tó ju ti òní lọ fíìfíì, afẹ́fẹ́ sì ń kó yanrìn jọ ní òkìtì-òkìtì, ó ń ṣí i nídìí láti ibì kan lọ síbòmíràn. Òkìtì kan a bo òkìtì kejì mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ẹrù ilẹ̀ míì wá kó lé gbogbo rẹ̀ lórí, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí, omi abẹ́ ilẹ̀ sì ń sun gba àárín yanrìn náà kọjá, ó ń fi àwọn èròjà tó wà nínú rẹ̀ lẹ yanrìn mọ́ yanrìn. Irin wà lára èròjà náà. Irin ọ̀hún ló dípẹtà tí gbogbo rẹ̀ fi pupa. Níbi tí omi míì ti wá fọ irin náà kúrò ni àpáta ti funfun. Ẹ ó rí ìlà lára àpáta náà, ìlà tó fì sápá kan, tí òmíràn wá dábùú rẹ̀: ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń da yanrìn sílẹ̀ ni, látìgbà tí ẹnì kankan ò tíì sí láyé. Mo dúró níwájú ìlà kan báyìí, mo sì ń wo apá ibi tí afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà gbà wá. Èèyàn lè na ìka sí i. Lára gbogbo ohun tí mo rí ní Amẹ́ríkà, èyí nìkan ló mú omi lé mi lójú.

Àpáta náà ti wá ń padà sí yanrìn báyìí. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lódindi ọdún kò ju nǹkan bíi mìlímítà 100 lọ. Ní Abẹ́òkúta, òjò oṣù kẹfà nìkan lè ju ìyẹn lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n òjò aṣálẹ̀ kì í rọra rọ̀. Bó bá dé, àgbàrá ni, a sì gbá gbogbo ohun tó bá pàdé lọ. Bí òjò bá lọ, afẹ́fẹ́ a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ooru ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀, tó máa ń tó ìwọ̀n 49 lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà míì, a fẹ àpáta, òtútù òru a sì sún un kì. Díẹ̀díẹ̀, yanrìn ń já bọ́. Kò sí ẹni tó lè dá a dúró, àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ò sì gbìyànjú rẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ni wọ́n ń lé kúrò lára rẹ̀. Òfin ò gbà kí ẹ fín orúkọ yín sára àpáta, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò gbọdọ̀ mú òkúta kan péré lọ sílé.

Àpáta ti Abẹ́òkúta ò wá láti inú yanrìn rárá. Iná ilẹ̀ ló bí i. Ohun tó yọ́ nínú ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, tó tutù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dì, ni gíránáìtì tó pọ̀ ní ìlú wa, ó sì lé ní mílíọ̀nù 500 ọdún báyìí. Nítorí pé ó pẹ́ kó tó tutù ni hóró inú rẹ̀ fi tóbi tí ojú fi ń rí i: èyí tó funfun, èyí tó dúdú, èyí tó ń dán bíńtín nínú oòrùn. Gbogbo ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ nígbà náà ti ṣí lọ, òun ló kù. Bí ẹrù ṣe kúrò lórí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní awẹ́-awẹ́ láti òde wá, ìdí nìyẹn tí orí àwọn àpáta wa fi rí roboto, tí ẹ fi ń rí òmíràn tó gun èkejì lẹ́yìn tí kò já bọ́.

Òun náà ń di yanrìn. Bí òjò bá ti ń jẹ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́, apá kan nínú rẹ̀ a di amọ̀, apá tó le jù a sì bọ́ sílẹ̀ bíi yanrìn funfun, odò Ògùn á kó o lọ sí gúúsù. Yanrìn yẹn ni wọ́n ń wà nínú odò tí wọ́n ń fi ọkọ̀ tipá kó lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Mo ka nǹkan kan nígbà tí mo padà délé tó mú mi dìde lórí àga: ní gúúsù ìlú wa, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ rí òkúta oníyanrìn tó sùn lórí gíránáìtì, wọ́n sì fi orúkọ Abẹ́òkúta pè é nínú ìwé wọn. Ìgbà tí Áfíríkà àti Amẹ́ríkà Gúúsù ń pínyà, tí òkun ń wọ àárín wọn, ni yanrìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ. Ara àwọn àpáta bíi tiwa ló ti bọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ti Èkó bọ̀, tó gba Ṣàngó, Ìfọ̀ àti Ewékorò níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta sìmẹ́ǹtì, tó rí ilẹ̀ pupa oníyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kó mọ̀ pé ọmọ ló kọ́kọ́ rí yẹn. Ìyá ń bọ̀ níwájú.

Mo ti sọ̀rọ̀ òkúta pọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti èèyàn. Ní Valley of Fire, àtẹ̀gùn onírin gíga kan wà tó gbé ni lọ síwájú Atlatl Rock. Ojú àpáta ibẹ̀ ti dúdú, nítorí pé oòrùn, eruku àti ìrì ti fi ohun tínínrín kan kùn ún láti ìgbà pípẹ́. Àwọn ará àtijọ́ mú òkúta líle, wọ́n ń fi sọ dúdú náà kúrò díẹ̀díẹ̀ títí pupa abẹ́ rẹ̀ fi yọ. Bí wọ́n ṣe ya àgbò orí òkè nìyẹn, tí wọ́n ya èèyàn, oòrùn, àti igi tí wọ́n fi ń ju ọ̀kọ̀ kí ó lè lọ jìnnà, èyí tí wọ́n fi sọ àpáta náà lórúkọ. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Mo wo ojú ọwọ́ wọn: ojú kéékèèké, ó sún mọ́ra, ìkan lẹ́yìn ìkan. Ẹni tó ṣe é ní sùúrù, kò sì fẹ́ kí wọ́n gbàgbé òun.

Olúmọ ni ọkàn mi lọ. Ní 1830, nígbà tí ogun ti tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, abẹ́ àpáta yẹn ni àwọn bàbá wa sá wá, Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú wọn. Ihò wà lórí àpáta náà títí di òní, roboto, ó jin, inú rẹ̀ ń dán. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá ti ń lọ ohun jíjẹ ní àsìkò tí wọ́n fara pamọ́ sábẹ́ àpáta. Wọn ò ya àwòrán kankan. Oúnjẹ ọmọ ni wọ́n ń wá. Síbẹ̀, bí mo bá ki ọwọ́ sínú ihò yẹn, mo ń rí ojú ọwọ́ wọn bí mo ṣe rí ti àwọn tó ya àgbò. Ní Nevada náà, ihò kan wà láàárín àpáta tí omi òjò máa ń dúró sí, wọ́n ń pè é ní Mouse's Tank, nítorí ọmọ Paiute kan tó sá pamọ́ síbẹ̀ fún àwọn agbófinró ní àwọn ọdún 1890. Àpáta kì í béèrè ohun tí ẹni tó sá wá bá a ṣe. Ohun tí tiwọn ṣe fún ẹnì kan, tiwa ṣe é fún odindi ìlú.

Èyí ló jẹ́ kó dùn mí. Màámi jẹ́ aláàfún. Lẹ́yìn ilé wa, àpáta kan wà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó fẹ̀ tó àgbàlá méjì. Bí wọ́n bá ti rẹ pákí títí tó fi rọ̀, tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ dànù, orí àpáta yẹn ni wọ́n ń sá a sí. Àpáta ti kọ́kọ́ gba oòrùn láàárọ̀, nítorí náà láfún ń gbẹ láti òkè, ó ń gbẹ láti ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ àwa ọmọ ni ká máa lé adìyẹ àti ewúrẹ́, ká sì máa wojú ọ̀run. Bí òjò bá ṣú, gbogbo ilé a sáré jáde. Ìgbálẹ̀ kan wà tí Màámi kì í lò fún nǹkan míì ju orí àpáta yẹn lọ. Wọ́n á gbá a, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á tún gbá a, kí yanrìn má baà wọ láfún, nítorí pé oníbàárà tó bá jẹ yanrìn lẹ́ẹ̀kan ò ní padà wá. Àwọn aládùúgbò náà ń lò ó. Ẹnikẹ́ni ò ní in. Ilẹ̀ ibẹ̀ wá di títà. Ẹni tó rà á kó àwọn tó ń fọ́ òkúta wá, wọ́n to táyà sórí rẹ̀, wọ́n tiná bọ̀ ọ́, nígbà tó ti gbóná tó ń sán, wọ́n gbé òòlù lé e. Kò pẹ́ rárá. Ohun tó gba mílíọ̀nù ọdún kó tó yọrí sóde, wọ́n fi tipá kó o lọ.

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ra ilẹ̀ fẹ́ kọ́lé. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá tó ń jókòó sídìí òkúta tí wọ́n ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ ní ọmọ nílé ìwé. Ilé tí mo ń gbé, àpáta fífọ́ wà nínú òpó àti ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ lọ sí agbègbè Ọ̀dẹ̀dá, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń fi dáínámáìtì fọ́ òkè, tí ẹ̀rọ ń lọ̀ ọ́ sí háàfù-ínṣì, sí tírí-kọ́tà, sí sítóńdọ́ọ̀sì, tí tipá tò lọ bẹẹrẹ. Títì tí gbogbo wa ń gbà, ibẹ̀ ló ti wá. Mi ò ní kí wọ́n pa iṣẹ́ náà tì. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé, nínú gbogbo àpáta tí Ọlọ́run fi yí wa ká, èwo la ti fẹnu kò sí pé òòlù ò gbọdọ̀ kàn án? Olúmọ, bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti tọ́jú Olúmọ, wọ́n tún un ṣe ní 2006, wọ́n fi ẹ̀rọ agbéniròkè sí i fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn Olúmọ ńkọ́? Àpáta kan ṣoṣo kọ́ ló sọ ìlú yìí lórúkọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mi ò fẹ́ kí a ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é lọ́hùn-ún pátápátá. Àpáta ti Nevada dá wà. Àwọn tó ya àgbò síbẹ̀ ti lọ, àwọn Paiute wà lẹ́yìn odi, tíkẹ́ẹ̀tì ni àlejò fi ń wọlé, bí oòrùn bá sì wọ̀, gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ jáde, àfi àwọn tó bá pàgọ́ síbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ó mọ́, ó dára, ó sì dá. Tiwa ní èèyàn lára. Ọmọ ń sáré lórí rẹ̀, aṣọ wà lórí rẹ̀ tó ń gbẹ, àwọn àgbàlagbà ń gba atẹ́gùn nídìí rẹ̀ nírọ̀lẹ́, àwọn tó ń bọ Olúmọ ṣì ń bọ ọ́. Bí a bá lé àwọn wọ̀nyí kúrò kí àpáta lè mọ́, a ti fọ́ ọ náà nìyẹn. Kí wọ́n fi òfin sí i, kí ìyá aláàfún máa sá láfún rẹ̀ síbẹ̀. Mo gbà gbọ́ pé méjèèjì lè wà pọ̀. Kí wọ́n yan àwọn kan lójú ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá, kí wọ́n yan àwọn kan nínú ìlú, kí wọ́n gé àyè sí ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí ọkọ̀ ti lè yà kí èèyàn wò wọ́n. Kò ná ni lówó púpọ̀.

Kí wọ́n tó ṣe é, ẹni tó bá ní ọkọ̀ lè fúnra rẹ̀ rìn ín. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù, nígbà tí koríko ti gbẹ tí ara àpáta hàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ọ̀dẹ̀dá ní àárọ̀ kùtù, kí tipá tó pọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ gba Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ wọ Kámpù. Àpáta á máa yọ láàárín oko lọ́tùn-ún lósì. Láti Ọ̀bàǹtokò àti Aṣerò lọ, ilé ti bò wọ́n, àfi kí ẹ máa wo àárín ilé sí ilé. Ẹ wọ Ìtokú, ẹ gòkè lọ sí Ìkìjà, kí ẹ gun Olúmọ ní ẹsẹ̀, ẹ̀rọ yẹn ò ní í jẹ́ kí ẹ rí ihò ìlọta dáadáa. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Láfẹ́ńwá, kí ẹ wo odò. Bí ẹ bá pàdé ìyá kan tó sá láfún sórí òkúta, ẹ kọ́kọ́ kí wọn kí ẹ tó yọ fóònù láti ya fọ́tò, kí ẹ sì bọ́ bàtà kí ẹ tó gun orí àpáta náà, torí oúnjẹ ni wọ́n ń sá síbẹ̀. Lójú tèmi, láfún tó gbẹ lórí àpáta a máa funfun ju èyí tó gbẹ lórí tapólì lọ, ẹ ra díẹ̀ dání lọ sílé.